Kí ló dé tí sìgá fi ṣòro láti fi sílẹ̀ pátápátá?

Ọdọọdún tí ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún bá pé, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ń kéde ewu tábà káàkiri ayé, ìjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ lórí ayélujára. Apá kan á ní ẹni tó bá fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ yóò fi í sílẹ̀, pé àwáwí ni gbogbo ìyókù. Apá kejì, tó jẹ́ pé àwọn tó ń mu ún ló pọ̀ jù níbẹ̀, á ní ẹ má dá wa lẹ́jọ́, ẹ ò mọ ohun tójú ń rí. Láàárín àwọn méjèèjì ni ẹni tó ń ta vape, ìyẹn sìgá abánáṣiṣẹ́, á ti yọjú pé ojútùú wà lọ́wọ́ òun. Kò ní pẹ́ tí òǹkàwé ò fi ní mọ ẹni tó ń ṣàlàyé mọ́, kò sì ní mọ ẹni tó ń polówó ọjà.

Ohun kan dájú ká tó lọ jìnnà. WHO fojú bù ú pé nínú nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.25 èèyàn tó ń lo tábà lágbàáyé, àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 750. Ó ju ìdajì lọ dáadáa. Torí náà, pé kò wù wọ́n kọ́ ni ìṣòro wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín kó wuni àti kó ṣeé ṣe ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Kí ni sìgá ń ṣe nínú ọpọlọ?

Èròjà kan wà nínú ewé tábà tó ń jẹ́ nikotínì. Bí èèyàn bá fa èéfín sìgá sínú, ẹ̀dọ̀fóró á tì í sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e dé ọpọlọ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20. Oògùn tí à ń fi omi gbé mì kò lè yá tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Tó bá ti débẹ̀, á so mọ́ àwọn ibì kan lára iṣan ọpọlọ, ọpọlọ á wá tú dopamíìnì sílẹ̀. Dopamíìnì yìí ló ń jẹ́ kí ara dá ṣáṣá, òun náà ló sì ń kọ́ ọpọlọ pé ohun tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn dára, kó tún un ṣe.

Ká ní ibi tó mọ nìyẹn, ì bá sàn. Bí nikotínì bá ṣe ń wọlé lójoojúmọ́, àwọn ibi tó ń so mọ́ yìí á máa pọ̀ sí i nínú ọpọlọ, gbogbo wọn á sì máa retí tiwọn. Bẹ́ẹ̀ nikotínì kì í pẹ́ lára: láàárín nǹkan bíi wákàtí 2, ìdajì rẹ̀ á ti lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fa èyí tó kẹ́yìn láago 11 alẹ́ fi ń wá ìṣáná kó tó fọ ẹnu láàárọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń mu ẹyọ 20 lóòjọ́, tó ń fa ẹyọ kọ̀ọ̀kan nígbà 10 péré, ìgbà 200 lọpọlọ rẹ̀ ń gba ẹ̀kọ́ yẹn lóòjọ́. Lọ́dún, ó lé ní 70,000. Mi ò mọ ohun mìíràn téèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ amusìgá ló ń sọ pé ìrònú làwọn fi ń pa. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, torí pé ara wọn máa ń balẹ̀ lóòótọ́ bí wọ́n bá ti fà á. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí sìgá tuntun yẹn pa ni ìnira tí sìgá àná dá sílẹ̀. Àwọn olùwádìí tó kó iṣẹ́ ìwádìí púpọ̀ jọ ní 2014 rí i pé àwọn tó jáwọ́ pátápátá kì í ronú, ọkàn wọn kì í sì í dààmú tó bí wọ́n ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣì ń mu ún.

Ṣé kì í ṣe pé wọn ò ní ìpinnu ni?

Ìpinnu ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ibi tí apá àkọ́kọ́ ti ṣìnà ni pé wọ́n rò pé òun nìkan ti tó. Nínú 100 èèyàn tó bá dédé ní òun ò mu mọ́, láìsí oògùn, láìsí olùrànlọ́wọ́, nǹkan bíi 3 sí 5 ni kò ní tíì padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 6 sí ọdún kan. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà sọ pé ó lè gba ẹlòmíì ní ìgbìyànjú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jáwọ́ pátápátá.

Sigmund Freud, oníṣègùn tó jẹ́ pé inú ọkàn èèyàn ló ń wò jẹun, kò lè fi sìgá ńlá rẹ̀ sílẹ̀. Jẹjẹrẹ mú un lẹ́nu, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nígbà tó lé ní 30, síbẹ̀ ó ń fà á títí tó fi kú ní 1939. Ti Barack Obama tún sún mọ́ wa. Ó ti ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ pé òun á jáwọ́ bí òun bá máa du ipò ààrẹ. Ní oṣù Kẹfà 2009, ó fọwọ́ sí òfin tó fún ìjọba Amẹ́ríkà lágbára lórí àwọn iléeṣẹ́ sìgá. Lọ́jọ́ kejì, àwọn akọ̀ròyìn bi í léèrè nípa tirẹ̀, ó ní òun ti gbádùn dé ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n òun ṣì máa ń ṣubú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kejì 2011 ni ìyàwó rẹ̀ tó sọ fáyé gbọ́ pé ó ti tó nǹkan bí ọdún kan tó ti jáwọ́. Ẹni tó ní ìpinnu láti di ààrẹ Amẹ́ríkà kọ́ ni a máa pè ní aláìnípinnu.

Ẹ̀rí mìíràn tún wá láti ibi tí a ò fọkàn sí. Ní 2007, àwọn onímọ̀ kan gbé e jáde pé àwọn amusìgá kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ ba apá kékeré kan jẹ́ nínú ọpọlọ wọn, apá tí wọ́n ń pè ní insula, kàn ṣíwọ́ sìgá ni. Kò tún wù wọ́n mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìwà nìkan ni, kí ló pa àìsàn ọpọlọ pọ̀ mọ́ ọn?

Ta ló wá jàǹfààní nínú ọ̀rọ̀ pé "ẹni tó bá fẹ́ á fi í sílẹ̀"? Àwọn iléeṣẹ́ sìgá ni. Ohun tí wọ́n fi ń gbèjà ara wọn nílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó fipá mú ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹrin 1994, àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ sìgá méje búra níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní àwọn ò gbà pé nikotínì máa ń di bárakú. Bẹ́ẹ̀, láti 1963 ni agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ Brown & Williamson, tó jẹ́ ọmọ abẹ́ British American Tobacco, ti kọ ọ́ sínú ìwé abẹ́lé wọn pé nikotínì ń di bárakú, pé òun gan-an sì ni àwọn ń tà. Ọdún 1988 ni dókítà àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde rẹ̀ fáyé.

Kí lojú ẹni tó jáwọ́ ń rí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́?

Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ẹyọ tó kẹ́yìn ni ara á ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta ló sábà máa ń le jù. Ọ̀fun á máa dá a tòló. Inú á máa bí i sódì, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan á di ariwo. Kò ní lè jókòó ti iṣẹ́ kan pẹ́, oorun á máa já lójú rẹ̀, ìgbẹ́ á gan, ebi á sì máa pa á ṣáá. Ibi tó burú sí ni pé àwọn ará ilé tí wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí ló sábà máa ń kọ́kọ́ sú: "Bàbá Káyọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú lọ mu sìgá yín ká rójú." Bí wọ́n bá lè fara dà á, ọ̀pọ̀ jù lọ wàhálà yìí á rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4.

Ohun kan wà tí wọn kì í sọ fúnni. Èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ kaféìnì kúrò lára. Ọjọ́ tí èéfín bá dáwọ́ dúró, kọfí tí èèyàn ń mu tẹ́lẹ̀ láìṣe é ní nǹkan kan á wá lágbára lára rẹ̀ gan-an. Àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á fò lọ, á sì rò pé àìmu sìgá ló fà á. Obì náà ní kaféìnì nínú, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń fi obì gbàgbé sìgá kò kéré láàárín wa. Ẹni tó bá ń jáwọ́ lè dín àwọn méjèèjì kù fún ìgbà díẹ̀.

Ti sísanra náà kì í ṣe àhesọ. Nínú ọdún àkọ́kọ́, ẹni tó jáwọ́ máa ń fi nǹkan bíi kílógíráàmù 4 sí 5 wúwo sí i, bí a bá pín in dọ́gba. Ẹlòmíì ò ní sanra rárá, ẹlòmíì á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí ẹni tó ti ṣíwọ́ láti oṣù mẹ́jọ tún fi padà sídìí ẹ̀?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an, ibí yìí náà ni ìjiyàn orí ayélujára kì í dé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, nikotínì ti tán lára. Àmọ́ ọpọlọ ti so sìgá mọ́ ọgọ́rùn-ún nǹkan: oúnjẹ tó tán lórí tábìlì, ìgò bíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀, ilé ìgbẹ́ òwúrọ̀, ìpè tó bí èèyàn nínú. Àwọn ìsopọ̀ yìí kì í bá nikotínì lọ.

Ẹ wo alẹ́ Sátidé kan nílé ìwòran bọ́ọ̀lù. Lẹ́nu ọ̀nà ni ìsọ̀ Àbókì wà. Páálí sìgá wà ní ṣíṣí lórí pákó, ó ti fa ẹyọ méjì sókè díẹ̀ kí wọ́n lè rọrùn láti mú. Ó fi okùn so láítà mọ́ òpó ìsọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ. Obì, orógbó àti mínítì tí wọ́n fi ń pa òórùn ẹnu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí arákùnrin wa fẹ́ràn gba góòlù wọlé níṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Ó jáde síta láti gba atẹ́gùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e ti tan tirẹ̀. Kò ní láti ra páálí kan, kò ní láti wá ìṣáná, kò tiẹ̀ ní láti pinnu ohunkóhun: ẹyọ kan ṣoṣo ni, owó péńpé ni. Ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ ni pé òun ti ṣẹ́gun sìgá láti oṣù mẹ́jọ, kí ni ẹyọ kan fẹ́ ṣe?

Àwọn tó ń tọ́jú amusìgá máa ń ya fífẹsẹ̀kọ sọ́tọ̀ kúrò lára pípadà pátápátá. Ẹyọ kan kò sọ oṣù mẹ́jọ di asán. Ohun tó sábà máa ń dá èèyàn padà ni ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e láàárọ̀ ọjọ́ kejì: "Mo ti bà á jẹ́ ná, kí ni mo tún ń dá dúró fún?" Ẹni tó bá rí fífẹsẹ̀kọ gẹ́gẹ́ bí ohun tó gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀ ní àǹfààní ju ẹni tó fi ẹ̀bi pa ara rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún kan láìmu ún, ewu pípadà máa ń dín kù gan-an. Kì í tán poo.

Ṣé kéèyàn máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ ló dára, àbí kó gé e lẹ́ẹ̀kan?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pín nǹkan bí 700 amusìgá sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Àwọn kan ń dín in kù fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, àwọn yòókù gé e lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gé e lẹ́ẹ̀kan náà ni kò tíì padà, nígbà tó jẹ́ ìdá 39 lára àwọn tó dín in kù. Lẹ́yìn oṣù 6, ó di ìdá 22 lára àwọn tó gé e lẹ́ẹ̀kan, àti 15.5 lára àwọn tó dín in kù. Gígé e lẹ́ẹ̀kan ló borí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè gbà bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ jókòó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé dídín in kù dé ẹyọ kan lóòjọ́ ti tó. Ewu àrùn ọkàn kì í bá iye ẹyọ sọ̀ kalẹ̀ bákan náà: ẹyọ kan lóòjọ́ ń gbé nǹkan bí ìdajì ewu àfikún tí ẹyọ 20 ń gbé.

Oògùn wo ló wà, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́?

Oríṣi méjì ni wọ́n. Èyí àkọ́kọ́ ń fún ara ní nikotínì láìsí èéfín, torí pé inú èéfín àti ọ̀dà rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń fa jẹjẹrẹ wà. Páàṣì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara wà níbẹ̀, ṣingọ́ọ̀mù náà wà. Ọ̀pọ̀ ló ń lo ṣingọ́ọ̀mù yìí lódìlódì: wọ́n á máa jẹ ẹ́ wàrà-wàrà bíi ti ọmọdé, nikotínì á bá itọ́ lọ sínú ikùn, èébì á máa gbé wọn, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni pé èèyàn á rọra jẹ ẹ́ títí á fi máa ta á lẹ́nu, á wá tì í sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí títa náà á fi lọ, kó tó tún jẹ ẹ́.

Oríṣi kejì kò ní nikotínì rárá. Varenicline á lọ jókòó síbi tí nikotínì ń so mọ́, á tu ọpọlọ nínú díẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí sìgá rí àyè jókòó. Cytisine ń ṣiṣẹ́ tó jọ ọ́. Ara igi ni wọ́n ti ń rí i, Bùlùgéríà sì ti ń lò ó láti àwọn ọdún 1960. Bupropion ni ẹ̀kẹta. Dókítà ló yẹ kó sọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá lára mu.

Báwo ni wọ́n ṣe gbéṣẹ́ tó? Àkójọ ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2023 fi hàn pé nínú 100 èèyàn tó kópa nínú àwọn ìwádìí náà, nǹkan bíi 6 ló ń jáwọ́ láìlo ojúlówó oògùn. Bí wọ́n bá lo páàṣì nìkan tàbí ṣingọ́ọ̀mù nìkan, ó di 9. Bí wọ́n bá pa méjì pọ̀, 12. Varenicline àti cytisine gbé e dé nǹkan bíi 14. Ẹni tó bá retí iṣẹ́ ìyanu á ní kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ju ìlọ́po méjì lọ. Bí èèyàn bá tún rí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, tó ń tẹ̀ lé e, á tún sàn sí i. WHO tiẹ̀ ní kí òṣìṣẹ́ ìlera máa fi ìṣẹ́jú àáyá 30 sí ìṣẹ́jú 3 gba aláìsàn tó ń mu sìgá nímọ̀ràn nígbàkigbà tó bá wá, torí pé ìyẹn pàápàá ń so èso.

Vape ńkọ́?

Níbí ni àwọn onímọ̀ fúnra wọn ti pín sí méjì. Ìwádìí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2019 fi vape wé páàṣì, ṣingọ́ọ̀mù àti irú wọn. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo vape ti jáwọ́ nínú sìgá. Ti àwọn yòókù jẹ́ 9.9. Àwọn tó fara mọ́ vape á dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀. Àwọn tó ń bẹ̀rù rẹ̀ á ka ìlà tó tẹ̀ lé e: nínú àwọn tó fi vape jáwọ́, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì ń fa vape lẹ́yìn ọdún náà. Lọ́dọ̀ àwọn tó fi páàṣì àti ṣingọ́ọ̀mù jáwọ́, ìdá 9 péré ló ṣì ń lo tiwọn. Sìgá lọ, nikotínì jókòó.

Ìjọba pẹ̀lú kò fohùn ṣọ̀kan. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde ní 2023 pé òun á fún mílíọ̀nù kan amusìgá ní vape lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè fi pààrọ̀ sìgá. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2025, ó wá fòfin de títa èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan jù nù, torí pé àwọn ọmọdé ti gbà á mọ́ra. Ní Bùràsílì, títa vape ti lòdì sófin láti 2009, wọ́n sì tún òfin náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 2024, nígbà tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn ìjọba wọn ń tọ́jú ẹni tó fẹ́ jáwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. WHO ń kìlọ̀ nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí kò mu sìgá rí. Ohun tí apá méjèèjì gbà ni pé ẹni tí kì í mu sìgá kò ní ohun kan ṣe nídìí vape. Ti shisha ò sí nínú ìjiyàn yìí rárá: èéfín tábà ni, wákàtí kan nídìí rẹ̀ sì ń kó èéfín tó ju ti ẹyọ sìgá kan lọ fíìfíì.

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ?

Ìwádìí tí ìjọba àti WHO jọ ṣe ní 2012 fi hàn pé ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà Nàìjíríà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.5 èèyàn, ló ń lo tábà. Ọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òfin tábà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015 ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kò sì gbọ́dọ̀ sí páálí tí kò tó ẹyọ 20. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé ẹyọ kan tí Àbókì ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé bọ́ọ̀lù lòdì sófin. Ta ló ń mú un?

Òfin ẹyọ yìí kan ẹni tó fẹ́ jáwọ́ ju bí a ṣe rò lọ. Bí páálí nìkan bá wà fún títà, ẹni tó ti ṣíwọ́ ní láti ná owó gidi kó tó ṣubú, ọkàn rẹ̀ á sì ní àyè láti yí padà. Owó orí náà ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2018 ìjọba fi náírà 1 lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì di náírà 2 àti kọ́bọ̀ 90 ní 2020. WHO fẹ́ kí owó orí tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n ń ta sìgá.

Àwọn tó ń tako owó orí ńlá ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní fàyàwọ́ ló máa jẹ èrè rẹ̀. Wọ́n á tún tọ́ka sí iléeṣẹ́ British American Tobacco tó wà ní Ìbàdàn láti 2003, àti àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin tábà ní agbègbè Ìṣẹ́yìn, pé iṣẹ́ àti oúnjẹ àwọn èèyàn wà níbẹ̀. Àwọn elétò ìlera á ní owó ìwòsàn ju owó iṣẹ́ lọ. Ohun tí kò sí nínú ìjà apá méjèèjì ni ibi tí ẹni tó fẹ́ jáwọ́ lónìí máa gbà lọ. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ lágbàáyé ni WHO sọ pé wọn ò rí ìrànlọ́wọ́ tó múná dóko gbà. Varenicline àti bupropion ti wà lórí àkọsílẹ̀ oògùn kòṣeémáàní WHO láti 2021, páàṣì àti ṣingọ́ọ̀mù láti 2009, ṣùgbọ́n orí àkọsílẹ̀ yàtọ̀ sí orí pẹpẹ ilé oògùn.

Ẹni tó ti ń mu ún láti ogójì ọdún ńkọ́, ṣé ó ṣì ní àǹfààní?

Richard Doll, oníṣègùn àti olùwádìí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn dókítà ọkùnrin tó lé ní 34,000 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1951, wọ́n sì gbé àbájáde àádọ́ta ọdún jáde ní 2004. Àwọn tó ń mu sìgá títí lọ fi nǹkan bí ọdún 10 kú ṣáájú àwọn tí kò mu rí. Ẹni tó jáwọ́ ní nǹkan bí ọmọ ọdún 30 gba gbogbo ọdún 10 náà padà. Ẹni tó jáwọ́ ní 40 gba 9, ẹni tó jáwọ́ ní 50 gba 6, ẹni tó jáwọ́ ní 60 gba 3.